Kásẹ́ẹ̀tì Tí Gbogbo Agboolé Gbọ́

Bí ènìyàn bá ti Àbíjàn dé sí Ẹ̀jìgbò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi í: "Kí lo kó bọ̀?" Mo ti pẹ́ níwájú pátákó, mo sì mọ ìbéèrè tí kò dára bí mo bá gbọ́ ọ. Èyí kò dára. Èyí tó yẹ kí wọ́n bi wá ni, "Ta lo bá pàdé níbẹ̀?" Èmi pàdé ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ló sì kọ́ mi ní èdè Faransé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Mo kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé kálámù. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Olùkọ́ ni mí ní Másífà nítòsí Ẹ̀jìgbò kí n tó lọ bá ọkọ mi ní Àbíjàn. Nígbà náà, abẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni gbogbo wa wà. Bí mo bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko á fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ kí wọ́n lè kí mi dáadáa: "Ẹ káàárọ̀ o, Tísà." N kò mọ̀ pé orúkọ yẹn kò ní bá mi wọ ọkọ̀. Mo kó aṣọ, mo kó ìwé, mo kó gààrí, orúkọ mi ni mo fi sílẹ̀.

Ní Àjàmé, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Àbíjàn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin to abọ́ tánganran síwájú mi, ó ní kí n máa tà. Obìnrin kan dúró, ó mú abọ́ kan, ó bi mí ní nǹkan. N kò gbọ́. Ó tún bi mí, ó pariwo sí i, bí ẹni pé etí mi ló di. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pòṣé, ó ní, "Ànàǹgó!" Ohun tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó sì lọ. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ àìmọye bí a ṣe ń ka ìwé, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹrù tí olówó rẹ̀ gbàgbé.

Ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ń wò mí láti ìsọ̀ kejì. Inú àgbàlá kan náà ni a jọ ń gbé. Bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀; ọmọ ìlú Ara nítòsí Ẹ̀jìgbò ni ìyá rẹ̀. Sàfúrà ni orúkọ ọmọ náà.

"Tàntí, ẹ ò gbọ́ Faransé?" ó bi mí. Tàntí ni wọ́n ń pe àǹtí níbẹ̀.

"N kò gbọ́, ọmọ mi."

"Rárá rárá?"

"Rárá."

"Ẹ jókòó dáadáa." Ó bẹ̀rẹ̀ sí to abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n ní Faransé. "Ẹ̀ń. Dọ́. Tìrùwá."

"Tìríwà."

Ó fi ìka gbá tábìlì gẹ́lẹ́ bí èmi náà ṣe máa ń ṣe ní Másífà. "Ẹnu yín le. Ẹ tún un pè."

Mo tún un pè. Láti ọjọ́ yẹn, òun ni tísà mi. Bí ó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á kọ́ mi ní Faransé, èmi á sì kọ́ ọ bí a ti í kọ Yorùbá sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tó yẹ. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò gbọ́. Wọ́n fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Sátidé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ ní èdè wọn. Ní Sátidé àkọ́kọ́, gbogbo wọn dìde: "Ẹ káàárọ̀, Tàntí Tísà!" Ọ̀sán ni. Ó yẹ kí n tún un ṣe fún wọn. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Sàfúrà bi mí ní ọjọ́ kan pé, "Tàntí, ní ilé ẹ̀kọ́, Ànàǹgó ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí a lọ sí Ara fún Iléyá, ọmọ Àbíjàn ni wọ́n ń pè mí. Ibo ni wọn ò ti ní pè mí ní ará ibòmíràn?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń gbé fóònù sápò. Bí o bá fẹ́ pe ilé, ìwọ á lọ tò ní ọ́fíìsì tẹlifóònù, ẹni tó wà nílé náà á sì ti lọ jókòó de ìpè rẹ. Kásẹ́ẹ̀tì ló rọrùn jù. Ìwọ á tẹ rédíò tó ń gba ohùn, ìwọ á kí wọn láti orí baálé dé orí ọmọ ọwọ́, ìwọ á fi lé awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Bí ó bá dé ilé, kò sí ẹni tó ń dá a gbọ́. Wọ́n á gbé rédíò sórí àpótí láàárín agboolé, gbogbo ènìyàn á pé jọ, wọ́n á sì máa dá ohùn náà lóhùn bí ẹni pé ẹni náà wà níbẹ̀: "A dúpẹ́ o! Ìwọ náà ńkọ́?" Ẹni tó bá mú kásẹ́ẹ̀tì wọ yàrá, wọ́n á ní ó ní ohun tó ń fi pamọ́. Mo mọ àṣà yìí dáadáa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún tí Sàfúrà pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá rẹ̀ lọ sí Ara lọ tọ́jú ìyá tirẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn. Oṣù méjì ló ní òun ó lò. Ó lo ọdún kan, ó ń wọ ìkejì. Bàbá ọmọ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Sàfúrà ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò.

Ní Sátidé kan tí ooru mú, ó dìde láti kọ gbólóhùn kan sára pátákó. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn ló wọ̀. Bó ti na ọwọ́ sókè, aṣọ sún sẹ́yìn, mo rí àpá. Kì í ṣe ẹyọ kan. Kì í sì í ṣe àpá ìṣubú.

Igbe dé ọ̀fun mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ó dára, Sàfúrà, jókòó," mo sì pe ẹlòmíràn. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo ní kí ó dúró bá mi nu pátákó.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Kò wojú mi. "Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Ó yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣi ìṣirò ṣe. "N ò fẹ́ kú, Tàntí. Inú mi ni mo fẹ́ kó dákẹ́."

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ tí wọ́n bá gbọ́ irú èyí. Wọ́n á ní ọmọ Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òyìnbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún un ṣe fún wọn nígbà náà, mo sì tún ń tún un ṣe nísinsìnyí. Ọmọ Yorùbá ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe àkẹ́jù. Ìrora tí kò rí ẹnu sọ̀rọ̀ ló gba ọwọ́ jáde.

Mo mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn obìnrin ìjọ Kátólíìkì tí gbogbo Àbíjàn ń pè ní màsẹ̀ẹ̀rì. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ tọ́jú ojú egbò láìpariwo, ó ní kí ọmọ náà máa wá ní ọjọ́rú-ọjọ́rú. Sàfúrà gbà pé kí n sọ fún bàbá òun. Bàbá sọ fún Alága ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò. Ìyàwó Alága sọ fún àwọn ìyá alásàlátù, ará ilé wọn kan sì sọ fún Màmá Débórà, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Gbogbo wọn ló wá. Inú rere ni wọ́n fi wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí n ṣẹ̀ wọ́n. Alásàlátù gbé omi hàǹtú tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé oúnjẹ àti ìmọ̀ràn wá, ọkùnrin mẹ́ta láti inú ẹgbẹ́ pè é jókòó. Ẹnì kìíní kò mọ̀ pé ẹnì kejì ti wá. Olúkúlùkù ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí pé, "Sọ fún wa, kí ló dé?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti sọ ọ́, Tàntí," ó sọ fún mi ní ọjọ́ kan. "Bí mo bá sọ ọ́ tán, wọ́n á ṣe àdúrà, wọ́n á lọ sílé wọn. Á wá ku èmi nìkan pẹ̀lú rẹ̀."

N kò gbọ́ ọ dáadáa. Mo rò pé mo gbọ́ ọ ni. Mo ní kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i, sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí n fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè padà wá.

"Màmá mi nìkan?"

"Màmá rẹ nìkan."

Ó sọ ọ́. Mo fi lẹ́tà tó gún régé kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sára páálí kásẹ́ẹ̀tì. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má gbọ́ ọ níta. N kò rò ó. Èmi tí mo ń tún ti gbogbo ayé ṣe, mo gbàgbé gbólóhùn kan tó yẹ kí n kọ.

Nígbà tí awakọ̀ dé Ara, ìyá Sàfúrà ti lọ sí ọjà Ẹ̀jìgbò. Ìyá àgbà ló gbà á. "Ohùn ọmọ ọmọ mi ti dé!" Wọ́n gbé rédíò sórí àpótí. Wọ́n pe àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n dúró de àwọn tó ń ti oko bọ̀. Wọ́n dá ìkíni rẹ̀ lóhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín sí bó ṣe ń pe orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí sọ ohun tó wá sọ. Ìyá àgbà kò mọ bọ́tìnnì tí a fi ń pa á. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pa á.

Ìyá Sàfúrà wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo kó tó rí fóònù pè mí, àwọn ọ́fíìsì tẹlifóònù sì ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gbọ́ ọ.

"Tísà!"

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Sàfú."

"Ẹ má kí mi. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sára kásẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Èmi ni."

"Gbogbo Ara ló gbọ́ ọ. Ẹni tó ń ta kẹrosíìnì gbọ́ ọ. Àwọn èèyàn ń wá kí wa bí ẹni pé ó ti kú." Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ọmọ mi wà láàyè?"

"Ó wà láàyè."

"Ẹ bá mi dì í mú. Mò ń bọ̀."

Mo pinnu láti sọ fún Sàfúrà ní ìrọ̀lẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé dúró níwájú ìsọ̀ wa. "Ìwọ ni Sàfúrà ọmọ Ara? Pẹ̀lẹ́ o. A gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì." Ọmọ náà wò mí. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ṣe ara rẹ̀ léṣe ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àwọn màsẹ̀ẹ̀rì sì dá a dúró sọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ díẹ̀. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò fún mi láyè láti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo lọ bá a. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Sàfúrà, mo ṣàṣìṣe."

Ó wo àjà títí. "Ẹ tún un pè."

"Mo ṣàṣìṣe. Mo mọ àṣà wa, mo sì gbàgbé rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó ní, "Faransé yín náà ò tíì dáa títí di òní."

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Mo bi í ní ohun tó fẹ́. Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó tíì bi í ní ìyẹn.

"Ẹnì kan ni kó máa bi mí ní ìbéèrè. Ẹnì kan péré. Kí àwọn tó kù máa jókòó tì mí."

Mo tún ìjókòó mi ṣe, mo ń dúró de orúkọ mi. "Ta ni?"

"Hàájà Múínátù."

Ọ̀kan nínú àwọn alásàlátù ni, ó ń ta àtìẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ó bá ń ná ọjà. "Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?"

"Nígbà tí gbogbo wọn ń bi mí léèrè, òun di irun mi ni."

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo gbé ìyẹn náà mì.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò ṣèpàdé, mo mú nọ́ọ̀sì màsẹ̀ẹ̀rì wọ pálọ̀ Alága, mo sì mú Màmá Débórà. Hàájà Múínátù ti jókòó. Kò tíì sí irú rẹ̀ rí nínú pálọ̀ yẹn, obìnrin mẹ́rin láàárín àwọn bàbá.

Alága ní, "Ọ̀rọ̀ kò pọ̀. A ti gba ìjókòó fún ọmọ náà nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́ Ẹtì. Ilé ló ń tọ́ ọmọ." Ohun tí a máa ń ṣe fún ọmọ tó bá le nìyẹn: a ó fi í ránṣẹ́ sílé.

"Ẹ dákun, Alága, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Tísà, ẹ̀yin lẹ fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ẹ̀yin náà lẹ tún ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà. Ìdí tó fi yẹ kí ẹ gbọ́ mi nìyẹn. Mo ti ṣi iṣẹ́ yìí ṣe, mo mọ ibi tó ti ń ṣì. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ àṣírí rẹ̀ lẹ fẹ́ gbé e lọ. Bí ẹ bá fi í sínú ọkọ̀ yẹn, èmi náà á wọ̀ ọ́. Gbogbo ibodè tí a bá dé, n ó máa sọ fún wọn pé ẹ ń lé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀."

Hàájà Múínátù bú sẹ́rìn-ín. "Alága, ẹ má dán an wò o. Obìnrin yìí á ṣe é."

Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ní Faransé, pé ìjìyà kì í wo irú àìsàn yìí, pé kí a má fi ọmọ náà sílẹ̀ lóun nìkan, kí a má sì bá a wí lórí àpá. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀, èmi tí n kò lè pe tìrùwá. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni a ti fohùn ṣọ̀kan. Hàájà Múínátù nìkan ni yóò máa béèrè. Ohun tí Sàfúrà bá ní kó sọ ni yóò sọ fún wa, èyí tó kù á wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn màsẹ̀ẹ̀rì ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, àwa á máa sìn ín lọ. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ní yàrá ìránṣọ. Màmá Débórà ní kó máa wá jókòó níbẹ̀ lọ́sàn-án, kódà bí kò fẹ́ rán nǹkan kan. Àwọn alásàlátù pín iṣẹ́ ilé rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ gbà láti bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, Alága fúnra rẹ̀ sì lọ.

Kí ìpàdé tó tú, Alága ní, "A ò ṣe irú èyí rí o."

Hàájà dá a lóhùn: "Àbíjàn náà, a ò dé ibẹ̀ rí kí á tó dé ibẹ̀."

Bọ́ọ̀sì ọjọ́ Ẹtì lọ láìsí Sàfúrà nínú rẹ̀. Nígbà tó padà, ìyá rẹ̀ ló gbé bọ̀.

N kò ní sọ fún yín pé àìsàn náà tán bí ẹni fọ ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún padà wá. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Sàfúrà lọ bá Hàájà kó tó di ńlá, a kò sì pe ìpàdé kankan. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òbí méjì mìíràn mú ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ wa ní jẹ́jẹ́. A ti mọ ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà tí mo padà sílé, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo bá. Wọ́n ti yọ wá kúrò lára Ọ̀yọ́. Sàfúrà bá mi wá. Ó ti lé lógún ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú ọjọ́. Láti Ẹ̀jìgbò, a gun ọ̀kadà lọ sí Ara ní ọ̀sán gangan. Aṣọ alápá péńpé ló wọ̀. Mo ní kó mú ìborùn dání, ó ní, "Tàntí, rárá."

Àwọn ará agboolé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn lọ síbi apá rẹ̀. Bàbá kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi ní, "Ọmọ inú kásẹ́ẹ̀tì nìyí."

Mo la ẹnu láti tún ti bàbá náà ṣe. Sàfúrà di ọwọ́ mi mú.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá àgbà, kásẹ́ẹ̀tì yẹn dà?"

Ìyá àgbà tiro wọlé, ó sì gbé e jáde nínú aṣọ funfun. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbọ́ ọ. Sàfúrà ní kí wọ́n gbé rédíò wá, kí wọ́n gbé e sórí àpótí kan náà.

"Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ tìgbà yẹn, ẹ ó gbọ́ toní. Kí ẹnikẹ́ni má dìde."

Wọ́n jókòó. Bàbá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Sàfúrà da kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ láti gba ohùn tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ó kí wọn láti orí baálé dé orí ọmọ ọwọ́ bó ti yẹ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi Sàfúrà ni. Mo wà láàyè, àpá mi náà wà. Bí irú rẹ̀ bá ń ṣe ọmọ kankan nínú agboolé yìí, kó wá ẹnì kan sọ fún. Kí ẹni náà má sì gbé e sórí àpótí."

Èrò mi ni pé yóò pa rédíò níbẹ̀. Kò pa á. Ó fa ìyá àgbà mọ́ra.

"Ìyá àgbà, ẹ sọ pé ẹ̀ń."

"Ẹ̀ń."

"Dọ́."

"Dọ́."

"Tìrùwá."

"Tìríwà."

"Ẹnu yín le," ó ní, ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Gbogbo agboolé, ó yá."

Gbogbo wọn pè é pọ̀, bàbá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ náà pè é. Kò sí ẹni tó pè é dáadáa. Ó ní kí wọ́n tún un pè.